Ta Lẹ Dé Sí Lọ́dọ̀? Àlàyé fún Ẹni Tó Fẹ́ Sùn ní Ìkógòsì

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ẹ̀ka wa léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Ìkógòsì-Èkìtì, mẹ́sàn-án á sọ pé ibẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti kọ́ ọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ènìyàn lè sùn mọ́jú létí omi náà, nínú ọgbà tó ti ń gba àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kó sì máa gbọ́ ìró omi láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwa mẹ́rin láti ọdún ìkẹyìn lọ sùn níbẹ̀ fún òru méjì. Ìdí tí mo fi lọ ni pé iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi dá lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ilé tí àjèjì ń sùn sí. Láti ìgbà tí a ti dé ni àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ti ń bi wá ní ìbéèrè: báwo la ṣe ń débẹ̀, ṣé omi náà kì í bó ènìyàn lára, irú ilé wo ló wà níbẹ̀? Mo kọ ìdáhùn wọn síhìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sì fi ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi wá kún un, nítorí òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó bá fẹ́ lọ.

Ibo ni Ìkógòsì wà?

Ìlú kékeré ni Ìkógòsì, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, láàárín àwọn òkè tó na ọwọ́ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹni tó bá gbéra láti Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ máa gba ọ̀nà Iléṣà jáde, á kọjá Ìlárá-Mọ̀kín dé Ìgbàrà-Òkè. Níbẹ̀ ni yóò ti yà kúrò ní títì ńlá, tí yóò gba Ìgbàrà-Odò lọ sí Ìkógòsì. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Adó-Èkìtì lè gba Arámọkọ àti Èrìjìyàn. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé ọ̀nà ń gun òkè, igi ń ga sí i, afẹ́fẹ́ sì ń tutù.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tó ti dàgbà á rántí pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìkógòsì wà tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú tó ń bójú tó o. Nítorí náà, tí bàbá tàbí ìyá ẹnìkan ní Àkúrẹ́ bá ní àwòrán àtijọ́ tí òun yà létí omi yẹn, kó má yà yín lẹ́nu.

Ṣé omi náà gbóná ni, àbí ó lọ́wọ́ọ́rọ́?

Ọ̀rọ̀ ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀. "Omi gbígbóná Ìkógòsì" ni gbogbo wa ń sọ. Àwọn ìwé ìpolówó náà máa ń kọ ọ́ pé omi yìí tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius níbi orísun. Omi tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ máa bó ènìyàn lára kíákíá. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti gbé kalẹ̀ sún mọ́ 37 sí 38. Ìwọ̀n ooru ara ènìyàn tí ara rẹ̀ dá nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ tí kò ní ta yín, tí ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ibi tí ara yín parí sí àti ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu tẹ́lẹ̀: omi náà lọ́wọ́ọ́rọ́ ni, kò gbóná. Orísun omi míràn tí irú rẹ̀ gbajúmọ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn Wikki tó wà nínú ọgbà Yankari ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, kò ju nǹkan bí 31 lọ.

Kì í ṣe iná abẹ́ òkè bíi ti òkè ayọnáyèéfín ló ń mú omi yìí lọ́wọ́ọ́rọ́. Òjò ló ń rọ̀ sórí àwọn òkè yẹn. Òkúta quartzite ni wọ́n, ó sì kún fún àlàfo tóóró. Omi á gba inú àlàfo wọ̀nyí rin lọ sí ìsàlẹ̀ gan-an. Bí a bá sì ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ nínú ilẹ̀ ni ooru ń pọ̀ sí i: ní ọ̀pọ̀ ibi ní ayé, ó ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 lé sí i fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Omi tó ti lọ jìnnà tó sì ti mú ooru á wá rí àlàfo míràn gbà padà sókè kó tó tutù tán. Ti omi tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lọ jìnnà nísàlẹ̀ kó tó jáde. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n ṣàn sún mọ́ra, tí wọ́n sì pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan sínú èkíní, kí ẹ fi èkejì sínú èkejì.

Àwọn àgbà ní àlàyé tiwọn. Wọ́n ní ọdẹ kan ló ní ìyàwó méjì. Onínú fùfù ni ọ̀kan, oníwà tútù ni èkejì. Lẹ́yìn ìjà orogún tó le, àwọn méjèèjì di omi, ọkọ sì di òkè tó dúró tì wọ́n. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn náà lè yí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà orogún kì í kúrò nínú rẹ̀. Kò sí ìdí tí ìtàn yìí fi gbọ́dọ̀ bá ti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ jà. Àwọn onímọ̀ ń sọ bí omi ṣe gbóná. Ìtàn ń sọ ìdí tí àwọn ará ìlú kò fi pe omi méjèèjì ní ohun kan náà.

Bí ọgbà náà ṣe di ibi ìsùn

Míṣọ́nnárì ìjọ Bàptísì kan láti Amẹ́ríkà, Àlùfáà John S. McGee, ni gbogbo ènìyàn dárúkọ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọgbà yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ló rí ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ènìyàn lè wá sinmi kó sì gbàdúrà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Wọ́n kọ́ ilé kéékèèké sáàárín igi, wọ́n sì ṣe adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi lọ́wọ́ọ́rọ́ náà ń ṣàn wọ̀. Adágún yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ títí di òní. Nígbà tó yá, ọgbà náà bọ́ sábẹ́ ìjọba. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì tún un ṣe lẹ́yìn ọdún 2010, lẹ́yìn náà wọ́n fà á lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti máa bójú tó o.

Omi náà tilẹ̀ ti rìnrìn àjò kọjá ìlú. Ilé-iṣẹ́ UAC ti tà á nínú ike pẹ̀lú orúkọ Gossy. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: ìparí "Ìkógòsì" ni wọ́n gé, tí wọ́n kọ bí ẹni ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti mu omi yẹn fún ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé orúkọ ìlú ni mò ń kà lára ike.

Orúkọ mẹ́rin fún ilé kan

Kí ni kí a wá pe irú ibi tí a sùn sí yìí? Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ni Yorùbá ń gbà pè é, wọn kò sì jọra.

Èkíní ni *ilé èrò*. Èyí ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì lò fún ibi tí kò sí ààyè fún Màríà àti Jósẹ́fù. Èrò ni ẹni tó wà lójú ọ̀nà: èrò ọkọ̀, èrò ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí ń wo ẹni tó ń sùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọjá lọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó ni ilé.

Èkejì ni *ilé àlejò*, tàbí *ilé ìgbàlejò*. Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀, nítorí ènìyàn kò lè dá nìkan jẹ́ àlejò. Tí àlejò bá wà, onílé gbọ́dọ̀ wà. Òwe wa ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ìyẹn ni pé onílé á fi ohun tí kò ní ṣe àlejò, kó má bàa tẹ́. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ tó bá èyí dọ́gba. Ní àwọn abúlé etí odò Rhine, *Gasthaus* ni wọ́n ń pe ilé kékeré tí àjèjì ń sùn sí tó sì ń jẹun: *Gast* ni àlejò, *Haus* ni ilé. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé ẹbí kan ló ni ín, àwọn fúnra wọn ló ń gbọ́únjẹ tí wọ́n sì ń fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Ẹ̀kẹta ni *ilé ìtura*, tí a ń gbọ́ nínú ìròyìn rédíò. Àwọn ọmọ kíláàsì mọfọ́lọ́jì á tú u kíákíá: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" ló so mọ́ àpólà ìṣe "tu ara", a sì pa fáwẹ̀lì "a" tó bẹ̀rẹ̀ "ara" jẹ, ló di *ìtura*. Ọ̀rọ̀ yìí kò dárúkọ èrò, kò sì dárúkọ àlejò. Ohun tí a fi owó rà ló dárúkọ.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ àyálò, *òtẹ́ẹ̀lì*. Èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí "ì" fi wà ní ìparí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì yá a láti ọ̀dọ̀ Faransé, orírun rẹ̀ sì lọ dé ọ̀rọ̀ Látìn náà *hospes*. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú èyí ni pé *hospes* lè túmọ̀ sí onílé tó gbàlejò, ó sì tún lè túmọ̀ sí àlejò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì! Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn fi máa dé ìgboro wa, ìtumọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ díẹ̀. Bí ọmọbìnrin bá sọ fún ìyá rẹ̀ ní Arákalẹ̀ pé "òtẹ́ẹ̀lì ni mo sùn sí", ìyá yẹn á kọ́kọ́ béèrè irú òtẹ́ẹ̀lì wo àti pé ta ló mú un lọ. Bó bá ní "ilé ìtura Ìkógòsì ni, àwa àti ẹ̀ka wa", ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀. Mo ti dán an wò.

Ọ̀kan tún wà tí àwọn àgbà mọ̀, *rẹ́sì-háòsì*, tó wá láti ayé òyìnbó amúnisìn. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ń rìn káàkiri ni. Wọ́n sábà máa ń kọ́ ọ jìnnà sí ilé àwọn ará ìlú, lápá ibi tí òyìnbó ń gbé. Irú ìyàsọ́tọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ Iléeṣẹ́ Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ amúnisìn, wá sí Èkó fún iṣẹ́ ìjọba. Ará Sàró ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó. Yàrá ti wà nílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n ní àwọn kò gbà á. Àwọn ènìyàn fárígá káàkiri Èkó. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba Gómìnà Richards pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe ya ènìyàn sọ́tọ̀ mọ́ nítorí àwọ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, pé àwa ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ lè sanwó kí a sì gba kọ́kọ́rọ́ lónìí, àwọn kan ló jà fún un.

"Ta lẹ dé sí lọ́dọ̀?"

Mo wá dé orí ìbéèrè tí mo ní ẹnikẹ́ni kò bi wá nílé. Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun nínú ìlú Ìkógòsì ló bi wá. A kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n sì béèrè pé, "Ta lẹ dé sí lọ́dọ̀?" A wo ojú ara wa. Ọ̀kan nínú wa dáhùn pé, "Ẹ̀yin mọ́mì, inú ọgbà omi la wà." Wọ́n ní, "Mo mọ̀ọ́nì. Mo ní ta lẹ dé sí lọ́dọ̀?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àìgbọ́. Gírámà ni. Nínú èdè wa, ènìyàn kì í kàn *dé* sí ilé, ó ń *dé sí ọ̀dọ̀* ẹnìkan. Kí òtẹ́ẹ̀lì tó dé, báyìí ni ìrìn àjò ṣe rí. Alájàpá tó ń ná ọjà jíjìn máa ń ní ẹni tó ń dé sí lọ́dọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni yẹn ló máa fún un ní ẹní, ló máa fi í han àwọn ará àdúgbò, òun náà ló sì máa dáhùn bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Bí ẹ kò bá lè dárúkọ ẹnìkan, ìlú kò tíì mọ̀ yín, bó ti wù kí owó tí ẹ san ní géètì pọ̀ tó.

Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní Ìkógòsì nìyẹn. Àlejò lè wọ ẹnu géètì lọ́jọ́ Jímọ̀, kó wẹ̀, kó jẹun, kó ya fọ́tò, kó sì jáde lọ́jọ́ Àìkú láìmọ̀ pé ìlú kan wà níta. Ìlú tó ni orúkọ, tó ni ìtàn, tó ti ń tọ́jú igbó yẹn kí míṣọ́nnárì tó dé, kò ní rí ju èéfín ọkọ̀ lọ. Èyí léwu fún ibi àtijọ́ èyíkéyìí. Ẹ rántí Ilojo Bar ní Èkó, ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìwé àṣẹ nìkan kò gbà á là. Àwọn tó sún mọ́ nǹkan jù ló ń pa á mọ́, wọ́n á sì pa á mọ́ tí àǹfààní rẹ̀ bá ń kàn wọ́n.

Bí a ṣe lè sùn níbẹ̀ bí ọmọlúàbí

Bí ẹ̀ka wa tàbí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mélòó kan bá fẹ́ lọ, ìmọ̀ràn mi rèé.

Ẹ pè wọ́n ṣáájú kí ẹ mọ iye yàrá tó wà àti iye owó rẹ̀. Ẹ má ṣe gbára lé iye tí ẹnìkan san lọ́dún tó kọjá. Àárín ọ̀sẹ̀ dára ju òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ọdún lọ, nítorí èrò kì í pọ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìró omi.

Ẹ lọ nígbà ọyẹ́ bí ẹ bá lè lọ. Ní òwúrọ̀ kùtù, tí afẹ́fẹ́ bá tutù, èéfín funfun máa ń rú lójú omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ mú aṣọ òtútù dání, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ sì mú owó tó wà lọ́wọ́ gan-an.

Bí ọjọ́ bá kù, Arinta, ìṣàn omi tó ń já láti orí òkè ní Ìpólé-Ìlórò, kò jìnnà. Ẹ lè lọ kí ẹ padà lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jẹun ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ nínú ìlú, kì í ṣe nínú ọgbà nìkan. Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ra iṣu. Ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pe iṣu ní *usu*, tí wọ́n sì ń pe ilé ní *ulé*. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ láàárín yín á rẹ́rìn-ín, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá àgbà ń sọ ọ́ nílé. Ẹ̀ka-èdè yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wa, Yorùbá àjùmọ̀lò àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bá wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wá àkòrí iṣẹ́ ìwádìí kò ní láti lọ jìnnà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ wá ẹnìkan tí ẹ ó dé sí lọ́dọ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má gba yàrá. Ẹ gba yàrá yín, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń mú àlejò kiri inú ọgbà, tàbí lọ́wọ́ onísọ̀ tí ẹ rajà lọ́wọ́ rẹ̀, pé ta ni àgbà tí ó yẹ kí a kí. Ẹ kí wọn, ẹ sọ orúkọ yín àti ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní gbà. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ fúnra wọn di ẹni tí a dé sí lọ́dọ̀. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá tún bi wá, kí a dárúkọ àwọn. Láti ìgbà yẹn, ibi gbogbo tí a yà sí ni wọ́n ti fún wa ní àga.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, a nílò yín nínú èyí. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sùn ní Ìkógòsì nígbà tó ṣì wà lábẹ́ Àkúrẹ́, tàbí tí ẹ lọ ṣe ìpàgọ́ ìjọ níbẹ̀ kó tó dìgbà náà, ẹ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yìí. Ẹ sọ orúkọ tí ẹ ń pe ibẹ̀ nígbà náà fún wa: ṣé ilé èrò ni, àbí rẹ́sì-háòsì, àbí kíáńpù? Kí ẹ sì sọ ẹni tí ẹ dé sí lọ́dọ̀.